Ìtàn Èéhù Ọparun Jíjẹ: Orúkọ Rẹ̀, Ìran Rẹ̀ àti Oore Rẹ̀ Lára

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé mẹ́ta láti mọ iye irú ọparun tí a ń jẹ, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò bá. Ọ̀kan á ka gbogbo èyí tí ènìyàn ti fi ẹnu kàn rí lọ́jọ́ ìyàn, òmíràn á ka kìkì èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ̀kẹta á máa ka orúkọ ní tirẹ̀, kò níí bìkítà bóyá orúkọ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń pe ohun kan ṣoṣo. Bákan náà ni ti oore tí ó ń ṣe lára. Ìwé kan á ní purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, òmíràn á ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀wà dọ́gba. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, ohun tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n ni kò jọra. Ìdí nìyí tí mo fi ṣa àwọn àkọsílẹ̀ náà jọ, mo sì dá ẹjọ́ níbi tí ẹ̀rí bá ti tó láti fi dá a.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni a fi mọ ọparun. Òun ni àwọn bíríkìlà ń gùn bí ilé bá ga, òun ni wọ́n fi ń ti dẹ́kì kí kọnkéré tó gbẹ, òun náà ni a fi ń ṣọgbà, tí a fi ń pa àtíbàbà. Inú ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ni a ti ń bá a pàdé. Nítorí náà, ilẹ̀ Ṣáínà, Jàpáànù àti àwọn òkè ìlà-oòrùn Íńdíà ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ ni yóò kan Áfíríkà.

Koríko ni ọparun. Ẹbí kan náà ni òun àti ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké. Àkójọ orúkọ tí àjọ INBAR, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Beijing, gbé jáde ní 2016 ka irú ọparun 1,642 ní gbogbo àgbáyé. Èéhù ni a ń jẹ lára rẹ̀: ọmọ ọparun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí nínú ilẹ̀, tí èèpo fi ara lé ara bò ó mọ́lẹ̀, tí ọ̀bẹ ṣì ń wọ̀ bí ìbẹ́pẹ tútù. Bí èéhù bá ṣe tóbi tó lọ́jọ́ tó yọ ni ọparun náà yóò ṣe tóbi mọ títí ayé rẹ̀. Gíga ló máa ń ga, kì í sanra mọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà bí ọmọ. Ẹ̀yà Phyllostachys, tó fẹ́ràn òtútù, ń rákò lábẹ́ ilẹ̀, ó lè yọ èéhù sí àgbàlá aládùúgbò. Ẹ̀yà Bambusa àti Dendrocalamus, tí wọ́n jẹ́ ti ilẹ̀ ooru, ń ṣù jọ sójú kan ní tiwọn, bíi ti ọparun tí a mọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Láti orí àsè dé inú ìwé

Shijing, àkójọ orin àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó ti lé ní 2,500 ọdún, ti ka èéhù ọparun mọ́ ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbi àsè ìdágbére fún olórí ìlú Han. Ohun àsè ni nígbà náà, kì í ṣe oúnjẹ ìyàn. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, Dai Kaizhi kọ Zhupu, ìwé tó dá lórí ọparun nìkan. Ó ka irú tó lé ní 60, ó sì kọ̀ jálẹ̀ láti kà á mọ́ koríko tàbí mọ́ igi. Àwọn kan ní ìgbà ìjọba Jin ló gbé ayé, àwọn kan ní ìjọba Liu Song tó tẹ̀ lé e ni. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa jà lé ìyẹn lórí, nítorí ohun tó wà nínú ìwé náà kò yàtọ̀ bó ti wù kó jẹ́.

Láàárín Zhupu àti ìwé ńlá tó tẹ̀ lé e, ààfin ìjọba Tang ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó igbó ọparun ọba, tó sì ń fi èéhù ránṣẹ́ sí ilé ìdáná lọ́dọọdún, Bai Juyi akéwì náà sì kọ ewì lórí bí wọ́n ṣe ń kó o lé orí ìrẹsì kí méjèèjì jọ jinná pọ̀.

Ìwé ńlá tí mo ń wí ni Sunpu, ìwé èéhù ọparun tí Zanning kọ ní ọ̀rúndún kẹwàá. Mọ́ǹkì ẹ̀sìn Búdà ni Zanning, wọ́n bí i ní 919 ní Deqing, ní agbègbè Zhejiang, ó sì kú ní 1001. Zhejiang ni ilé èéhù títí di òní, àwọn mọ́ǹkì ilẹ̀ Ṣáínà kì í sì í jẹ ẹran. Ọmọ inú ọparun ni, kò sí ẹran lẹ́nu rẹ̀, ta ni ì bá tún kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Apá márùn-ún ni ó pín in sí: orúkọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń hù, bí a ṣe ń jẹ ẹ́, ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn, àti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí ó kà lé ní 90.

Apá tó dá lórí jíjẹ ni mo fẹ́ràn jù, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń kọ ìtàn máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ láti lọ ka orúkọ. Zanning ní kí a wa èéhù jìn nínú ilẹ̀, kí a sì dì í mọ́ inú agbọ̀n tó há, kí a bò ó, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, yóò le. Kí a má rẹ ẹ́ sómi. Kí a má bó èèpo rẹ̀ kí a tó sè é, nítorí adùn rẹ̀ yóò bá omi lọ. Kí a sè é pẹ́, nítorí ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù yóò fara gbá a. Ẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi kẹ́mísìrì wá ìdí ìkìlọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe ń kìlọ̀ fún ìyàwó ilé lórí ẹ̀gẹ́ kíkorò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yẹ kí a fi ìwé Zanning ṣe. Iye tó kà kì í ṣe iye irú ọparun. Orúkọ ibi ni òmíràn nínú wọn, orúkọ àsìkò ni òmíràn, ọ̀pọ̀ ni kò sì sí ẹni tó lè sọ dájú pé irú báyìí ni lónìí. Ẹni tó bá fi 90 rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé Ṣáínà ìgbà yẹn ní 90 irú ọparun jíjẹ ti ṣi ìwé náà lò.

Lẹ́yìn Zanning, Su Shi akéwì (1037–1101) dé ibùgbé ìlé-kúrò-nílùú rẹ̀ ní Huangzhou ní 1080, ó sì kọ ọ́ pé òun rí ọparun lórí òkè, òórùn èéhù ti ń ta sí òun nímú. Àwọn alásè ilẹ̀ Ṣáínà tún máa ń fi ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu pé kí ènìyàn má baà rù, kí ó má sì di ará oko, kí ó máa fi èéhù jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, kò sì sí nínú ewì rẹ̀. Ewì tí wọ́n ń fà á yọ látinú rẹ̀ dá lórí gbígbé nítòsí ọparun, kì í ṣe lórí sísè é. Mo ti pa ẹjọ́ yẹn dé.

Li Shizhen kó èéhù sí apá ẹ̀fọ́ nínú ìwé oògùn ńlá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1596. Ní 1671, òǹkọ̀wé Li Yu fi èéhù ṣe olórí gbogbo ẹ̀fọ́, ó sì gbé e ga ju ẹran lọ. N kò lè bá a jiyàn, n kò kúkú jẹ ẹ́ ní Zhejiang rí.

Ọparun tí ọmọ fi ẹkún wá

Nínú gbogbo ọparun jíjẹ, ọ̀kan gba iwájú. Mao zhu, ọparun onírun, ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Àwọn ará Jàpáànù ń pè é ní mōsō, ibẹ̀ ni ayé yòókù ti mú moso. Mōsō yìí ni ẹnu Jàpáànù ṣe ń pe Meng Zong, orúkọ ìjòyè kan ní ìjọba Wu ní ọ̀rúndún kẹta.

Ìtàn Meng Zong wà nínú àkójọ ìtàn ọmọ rere 24 tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà mọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní àárín òtútù, ọbẹ̀ èéhù ni ọkàn ìyá náà fà sí. Èéhù kì í sì í yọ nígbà òtútù. Ọmọ wọ igbó ọparun lọ, ó dì mọ́ ọ̀pá kan, ó sunkún. Ilẹ̀ là, èéhù yọ, ìyá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Àwọn òǹkọ̀wé kan fi ìtàn náà ṣe àròsọ, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n kọjá lọ. Wọn ì bá ti bi àgbẹ̀ léèrè. Moso máa ń ní èéhù ìgbà òtútù lábẹ́ ilẹ̀, kékeré, tí kò tíì yọrí. Àwọn tó ń wá a a máa wo ibi tí ilẹ̀ ti sán ní ìdí ọparun, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́. Òun ló sì wọ́n jù lọ́jà. Bí Meng Zong bá sunkún tàbí kò sunkún, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà mọ̀ pé èéhù wà lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí òkè ilẹ̀ ṣófo.

Bí moso ṣe dé Jàpáànù ni ẹjọ́ tó gùn jù nínú ìtàn yìí, ó sì yẹ kí a fi sùúrù gbọ́ ọ. Ẹ̀rí mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ti Kyoto, níbi tí wọ́n ti ní Dōgen, àlùfáà Zen tó ti Ṣáínà padà dé ní 1227, ló mú un wá. Ìkejì ní Yinyuan Longqi ni, mọ́ǹkì ọmọ Ṣáínà tó gúnlẹ̀ ní Nagasaki ní 1654. Ìkẹta ni ti Kagoshima: ní 1736, Shimazu Yoshitaka, ẹni tó ti ṣe olórí ìdílé tó ń jọba Satsuma rí, gba igi méjì láti Ryukyu, ó sì gbìn wọ́n sí ọgbà rẹ̀ ní Sengan-en. Igbó ọparun yẹn ṣì wà níbẹ̀, òkúta tí wọ́n kọ ìtàn náà sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ti 1736 ni mo fara mọ́, nítorí òun nìkan ló ní ọjọ́, ẹni, iye igi àti ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Àwọn ẹ̀rí méjì yòókù ní orúkọ ńlá, wọn kò ní igi. Àwọn kan wá ń sọ pé DNA ti parí ìjà náà. Wọ́n ń sáré jù. Ní 2016, Isagi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìran kan ṣoṣo ló gba ọ̀pọ̀ jù nínú moso Jàpáànù. Èyí bá ìtàn igi méjì mu dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà fi hàn pé ìran kan náà ló tàn káàkiri ní Ṣáínà pẹ̀lú. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá kó moso wá láti Ṣáínà nígbà mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ jọra gẹ́lẹ́. DNA kò dá Kagoshima láre, kò sì dá Kyoto lẹ́bi.

Orúkọ pọ̀, ìran kò pọ̀

Ọ̀rọ̀ ìran kan ṣoṣo yìí ni ẹni tó mọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò tètè yé. Ọmọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ń yọ láti fi gbin òmíràn, a kì í gbin irúgbìn rẹ̀, nítorí náà oko kan lè jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí a pín sí ojú ẹgbẹ̀rún. Bẹ́ẹ̀ ni moso rí. Igbó tó bo òkè mẹ́ta lè jẹ́ ẹnìkan tó nà gbalaja lábẹ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ á gé gbòǹgbò rẹ̀ kan, á gbìn ín sí òkè mìíràn, ó di mẹ́rin. Orúkọ á yí padà láti abúlé dé abúlé, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Irúgbìn nìkan ló lè pa ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí nǹkan tuntun jáde, moso kì í sì í tètè so. Irúgbìn tí wọ́n gbìn ní Yokohama ní 1912 tanná ní 1979. Èyí tí wọ́n gbìn ní 1930 tanná ní 1997. Ọdún 67 ni ẹ̀ẹ̀méjèèjì. Ẹni tó gbin moso láti inú irúgbìn nígbà tí ó pé 30 ọdún yóò di ẹni ọdún 97 kí ó tó rí òdòdó rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tún wá dá kún ìdàrúdàpọ̀ orúkọ náà. Carrière, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ moso ní Bambusa edulis ní 1866. Ohun jíjẹ ni edulis túmọ̀ sí ní èdè Látìnì. Ní 1878 ó tún fún irú rẹ̀ kan, tí oríkèé rẹ̀ wọ́ bí ẹ̀yìn ìjàpá, ní orúkọ heterocycla. Ní 1906, Houzeau de Lehaie ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kó edulis sábẹ́ Phyllostachys, ọdún yẹn náà sì ni orúkọ kẹta, pubescens, wọlé. Títí di òní, ẹ ó rí ìwé tó kọ mẹ́ta náà sílẹ̀ bí ẹni pé ọparun mẹ́ta ni. Ẹjọ́ yìí kò le: àgbà orúkọ ló nilé, edulis ni.

Síbẹ̀, heterocycla ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó kọ́kọ́ ka odidi DNA moso fi sí àkọlé iṣẹ́ wọn ní 2013. Wọ́n bá lẹ́tà tó lé ní bílíọ̀nù 2, àti jíìnì 31,987. Nígbà tí wọ́n tún un kà ní 2018 pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dára jù, jíìnì náà di 51,074. Moso kò bí jíìnì láàárín ọdún márùn-ún, ojú àwọn tó ń kà á ló là sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi iye méjèèjì wé ara wọn bí ẹni pé nǹkan ló yí padà.

Iṣẹ́ tó kàn wá jù ni ti 2021, níbi tí wọ́n ti ka DNA moso 427 tí wọ́n ṣà jọ láti káàkiri ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kéré gan-an fún ohun tó bo ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà Dai Kaizhi ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń ka orúkọ, tí wọ́n ń rò pé ọrọ̀ ni wọ́n ń kà. Ọrọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín irú kan sí ìkejì ló wà, kì í ṣe nínú ọ̀kan tí ọjà gbára lé jù.

Ní ti ọrọ̀ àárín irú kan sí ìkejì yẹn, iye ẹ̀dà DNA wọn fi í hàn. Ènìyàn ní ẹ̀dà DNA méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Iṣẹ́ kan ní 2019 tó kó ọparun mẹ́rin wé ara wọn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ọparun kéékèèké inú igbó, tí wọ́n rọ̀ bíi koríko, ní méjì bíi tiwa. Ọparun igi ti ilẹ̀ òtútù, moso wà nínú wọn, ní mẹ́rin. Ọparun igi ti ilẹ̀ ooru Éṣíà, bíi Dendrocalamus latiflorus tí wọ́n fi ń ṣe menma tí àwọn ará Jàpáànù ń kó sórí ràmẹ́ẹ̀nì, ní mẹ́fà. Àwọn ìran tó ti gbé ara wọn níyàwó nígbà láéláé ló fa èyí.

Eku àti ìyàn ní Mizoram

Ìtàn kan wà tí kò yẹ kí ẹni tó ń kọ nípa ọparun jíjẹ fò dá. Ní àwọn òkè Mizoram, ní ìlà-oòrùn Íńdíà, Melocanna baccifera ló gba igbó. Àwọn ènìyàn ń jẹ èéhù rẹ̀, èso rẹ̀ náà sì tóbi, ó ní ẹran lára, ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín ọparun. Gbogbo rẹ̀ máa ń tanná lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bí ọdún 48 sí ara wọn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á kú. Èso á bo ilẹ̀, eku á jẹ, wọ́n á bí, wọ́n á tún bí. Bí èso bá tán, oko ìrẹsì ló kù fún wọn. Mautam, ikú ọparun, ni àwọn Mizo ń pe àkókò yẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1911, ní 1959, àti ní 2007.

Ti 1959 ló yí ìlú padà. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé ọdún rẹ̀ ti ń bọ̀, ìjọba fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ọ̀rọ̀ àwọn aláìmọ̀wé. Nígbà tí ìyàn dé, Laldenga àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Mizo National Famine Front sílẹ̀ ní 1960 láti máa gbé oúnjẹ dé abúlé. Ní 1961 wọ́n yọ ìyàn kúrò nínú orúkọ náà, ó di ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní 1966 wọ́n gbé ìbọn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1986, ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, Mizoram sì di ìpínlẹ̀ ní 1987. Ní 2007, ìjọba ti ń san owó lórí ìrù eku kí òdòdó tó yọ.

Ohun tó ń ṣe lára, àti májèlé inú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sórí purotéènì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, nínú 100 gíráàmù èéhù tútù, omi kó 91. Purotéènì jẹ́ 2.6 gíráàmù, fáíbà 2.2, potásíọ̀mù 533 mílígíráàmù, agbára inú rẹ̀ kò sì ju kálórì 27 lọ. Yọ omi kúrò, ó ku 9 gíráàmù. 2.6 nínú 9 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni ìjà àwọn ìwé ti wá: òótọ́ ni 2.6, òótọ́ ni 29, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi iye gbígbẹ polówó èéhù tútù ń ta omi ní owó ẹran ni. Ẹ̀fọ́ ni èéhù, kì í ṣe òkèlè. Fáíbà àti potásíọ̀mù rẹ̀ ló yẹ ní ìyìn.

Inú agolo tún burú jù. Ohun tó wà nínú agolo ní kálórì 19, purotéènì 1.7, potásíọ̀mù tó jẹ́ 533 sì ti di 80. Omi tí wọ́n dà nù ló kó o lọ. Funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ èéhù inú agolo kì í ṣe ẹbu, táírósìnì ni, ọ̀kan nínú ohun tí purotéènì fi ń dúró.

Májèlé tí Zanning kìlọ̀ nípa rẹ̀ ń jẹ́ taxiphyllin. Bí a bá gé èéhù tàbí tí a rún un lẹ́nu, sáyánáìdì á jáde nínú rẹ̀. Àwa tó ń jẹ gàrí, fùfú àti làfún mọ irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀gẹ́ náà ní tirẹ̀, tí a ń pè ní linamarin. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ọparun kò lè fara da iná: bí omi bá ti ń hó, ó ń tú ká. Ti ẹ̀gẹ́ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń rẹ ẹ́, tí a ń rin ín, tí a ń fún omi rẹ̀ kí a tó yan án. Haque àti Bradbury ní Australia wọn èéhù kan ní 2002: ṣóńṣó orí rẹ̀ ní 1,600 mílígíráàmù sáyánáìdì nínú kílò kan, ìdí rẹ̀ ní 110. Èyí ló fa kí iye inú àwọn ìwé máa takora. Orí ni ẹnìkan wọ̀n, ìdí ni ẹlòmíràn wọ̀n, irú ọparun náà kò sì jọra.

Obìnrin ilé ní Jàpáànù máa ń se èéhù nínú èèpo rẹ̀ pẹ̀lú eérí ìrẹsì àti ata gígùn, kí ohun tó ń ta ahọ́n lè jáde. Lórí àwọn òkè Íńdíà, kíkan ni wọ́n ń mú un kan. Soibum ti Manipur, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ inú ìkòkò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ni ó lórúkọ jù. Soidon, tí wọ́n ń fi ṣóńṣó orí ṣe, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Khorisa ni ti Assam, lung-siej ni ti Meghalaya, mesu ni ti àwọn ará òkè Nepal àti Sikkim. Òórùn wọn le. Ẹni tó bá ti fi irú se ọbẹ̀ rí kò níí sá. Nirmala Chongtham ní Yunifásítì Panjab ní Chandigarh ló ṣe iṣẹ́ jù láti wọn ohun tó wà nínú àwọn oúnjẹ yìí, àyẹ̀wò gbogbogbò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 sì ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kàwé lórí rẹ̀ yẹ kí ó kọ́kọ́ wá.

Sáyánáìdì nìkan kọ́ ló ń pa ni. Ní oṣù kẹta 2006, ní agbègbè Nan ní Thailand, wọ́n gbé èéhù tí wọ́n dì sínú agolo nílé wá síbi àjọ̀dún ìsìn kan. Kòkòrò botulísímù ti wà nínú rẹ̀. Ènìyàn 209 ló gba ìtọ́jú, 42 nínú wọn ni ẹ̀rọ ń bá mí.

Ti ayé òde òní kò gùn. Láti ẹ̀yìn 1980 ni àwọn àgbẹ̀ Lin'an ní Zhejiang ti ń fi èèpo ìrẹsì bo ilẹ̀ ọparun lei, ọparun àrá, kí ó lè yọ èéhù ṣáájú ọdún tuntun wọn. Owó wọlé, ilẹ̀ sì kan nítorí ajílẹ̀ àpọ̀jù. Luosifen, núdù ìlú Liuzhou tí wọ́n ń fi èéhù kíkan sè, ti wọ inú ọ̀rá, ó ń lọ káàkiri ayé. Ní 2024, DNA ọparun 11 tún jáde pa pọ̀.

Áfíríkà

Lórí òkè Elgon ní Uganda, àwọn Bamasaba ń jẹ maleewa, èéhù ọparun òkè tí wọ́n ń yan lórí èéfín, tí wọ́n á sì fi ẹ̀pà lílọ̀ sè. Oldeania alpina ni, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Ní Iringa ní gúúsù Tanzania, wọn kì í jẹ èéhù tiwọn, wọ́n ń dá a bí a ṣe ń dá ọ̀pẹ. Wọ́n á gé orí ọ̀dọ́ ọparun, wọ́n á fi nǹkan gba omi tó ń ro, ó di ulanzi. Bíi ti ẹmu ni, dídùn ní òwúrọ̀, kíkan ní ìrọ̀lẹ́.

Ọparun tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni Bambusa vulgaris, aláwọ̀ ewé àti èyí tó pọ́n yẹ́lò tó ní ìlà. Éṣíà ni àwọn onímọ̀ fi orísun rẹ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí igbó kan tí wọ́n lè nàka sí pé ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ hù fúnra rẹ̀. Gígé ni a fi ń gbìn ín, òdòdó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, irúgbìn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju òdòdó rẹ̀ lọ. Èéhù rẹ̀ ṣeé jẹ, àwọn ará Éṣíà ń jẹ ẹ́, àmọ́ ó korò ju moso lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wò, kí ó gé e kí ó tó ga dé orúnkún, kí ó bó o, kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó sè é nínú omi púpọ̀ láìdé e, kí ó da omi náà nù, kí ó tún un sè. Zanning yóò bínú pé a bó o kí a tó sè é, ṣùgbọ́n adùn ni òun ń dáàbò bò, ẹ̀mí ni àwa ń dáàbò bò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹ́ ní tútù.